Ọkọ̀ Tí Kò Lè Mí Dáadáa ní Lamingo

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ gbé ní Lamingo, ní Jọ́ọ̀sì níbí, kó yáa ní ọkọ̀ tó lè gun òkè. Mi ò pa á lówe o. Ojú mi ló rí i, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí.

Orí àpáta ni ilé wa wà. Láti ẹnu géètì wa, ọ̀nà á kọ́kọ́ rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò kan, lẹ́yìn náà ni yóò gbé orí sókè lójijì, yóò gun òkè títí tó fi dé ọ̀nà ọ̀dà. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ wá kí wa, yóò sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, yóò gùn ún. Nígbà tí mo ń kọ́lé, tí ẹsẹ̀ mi ṣì le, mo rò pé òkè yẹn dára, pé olè kan ò ní lè gbé ẹrù sá gùn ún. Mi ò rò ó pé àwa onílé ni yóò há mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá yìí ló ṣẹlẹ̀. Ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì kì í ṣe ọyẹ́ tí wọ́n ń rí nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Eruku á bo ojú oòrùn, ètè á là, gìgísẹ̀ á là, òtútù á sì wọ inú egungun lọ jókòó. Bí mo bá dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀, mi ò ní rí omi dáàmù tó wà nísàlẹ̀, mi ò ní rí òkè tó wà níwájú. Ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ funfun yí ilé wa ká.

Ìyàwó mi á jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀lù bo èjìká, á gbé abọ́ òrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òrí yẹn ni oògùn ọyẹ́ nílé wa. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ: ẹni tó bá fẹ́ jáde, a ó fi ìka mú díẹ̀, a ó fi pa ihò imú rẹ̀ méjèèjì, kí eruku má bàa ráyè wọlé, kí imú má sì là kó ṣẹ̀jẹ̀. Gbogbo ọmọ tí a bí ló sunkún òrí yẹn kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwé. Èmi náà ò tíì bọ́. Mi ò lè kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀ kó má pè mí pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ gbé imú wá."

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n àjinná olóríkunkun ni. Kò lè wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, nítorí jíjá tó ń já èèyàn sókè sódò. Kò lè wọ ọkọ̀ tí ìjókòó rẹ̀ bá rẹlẹ̀, nítorí bó bá jókòó, kò ní lè dìde. A háyà takisí kan nígbà kan láti fi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Igbe tó ké láti ilé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń kọrin dákẹ́, wọ́n rò pé òkú la gbé bọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbé e láyé yìí: ọkọ̀ tiwa, ọkọ̀ àtijọ́ tí a ti ń lò láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn wa ti wà nílé. Mo ní kí káfíńtà kan bá mi kan pákó sábẹ́ ìjókòó iwájú kó fi ga, kó lè fi ìdí lé e bí ẹni jókòó sórí àga, kó wá rọra yí ẹsẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo tú asẹ́ tí ń gba eruku nínú rẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n, mo gbé e sọ́dẹ̀dẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì mo dá a padà sí àyè rẹ̀. Ó ń run òrí díẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé wa lásìkò ọyẹ́, kí ni kì í run òrí? Búrẹ́dì tí à ń jẹ pàápàá ń rùn ún.

Wàyí o, ìyàwó mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, òun nìkan ló kù fún un nínú àwọn tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Gangare, láàárín ìlú Jọ́ọ̀sì, ló ń gbé, nínú ilé tí bàbá wọn kọ́ nígbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ níbí. Inú ilé náà la ti bí àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n yìí ti di arúgbó gan-an, etí rẹ̀ sì ti di pátápátá. Fóònù ò wúlò fún un. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á jókòó síwájú rẹ̀, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á máa la ẹnu dáadáa kó lè fi ojú ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni.

Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ pinnu pé kò yẹ kó máa dá gbé mọ́. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá gbé e ní Sátidé, kó máa bọ̀ nílé, kó má padà mọ́. Ìyá náà gbà.

Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́, orí rẹ̀ gbóná. Ó ní, "Ilé wo? Níbí la sin ìyá wa sí, níbí la sin bàbá wa sí. Ta ló mọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀ sí àwọn ọmọ rẹ̀? Ẹ sọ fún un pé bó bá lọ, kó mọ̀ pé ó fi mí sílẹ̀." Ẹni tó wá jíṣẹ́ fún wa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bó ṣe gbọ́ ọ, kò fi omi là á. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyàwó mi ti kábàámọ̀.

"Ẹ gbé mi lọ," ló ń sọ. "Kí n lọ di ọwọ́ rẹ̀ mú kí wọ́n tó gbé e lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọjọ́ orí wa kì í ṣe ọjọ́ orí pé a ó tún ríra. Bí mi ò bá rí i báyìí, ó di ọ̀run."

Mo ní kò burú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé e sínú ọkọ̀, a jáde. A sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Nígbà tí a dé ìdajì, ọkọ̀ náà wúkọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i, kàkà kó lágbára, ńṣe ló ń gbọ̀n, ó ń fà, ó ń dáwọ́ dúró, bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bo imú àti ẹnu rẹ̀. Ó kú. Bó ṣe kú báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Mo fi gbogbo ara tẹ bíréèkì, ó ń yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ìyàwó mi di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó ń ké, "Ẹ sọ̀ mí! Ẹ sọ̀ mí!" Sísọ̀ wo? Níbo? Kòtò la padà já sí. Àwọn lébìrà tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló bá wa tì í padà wọlé.

Ó jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, ó fa ṣọ́ọ̀lù bo èjìká. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ti èèyàn mọ́lé."

Mo ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Háúsá ló fi ń lá àlá. Yorùbá rẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n fi oríṣiríṣi àkísà lẹ̀. Ó sì ní ìwà kan: kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀.

"Sannu Màmá," ló fi kí ìyàwó mi. Ó wá kọjú sí mi. "Bàbá, páńpù ni. Páńpù tó ń fa epo. Wallahi, mo ti mọ̀. O ò jẹ́ kí n wò ó?"

Ìyàwó mi gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "'O' ta ni? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni?"

"Haba, Màmá! Ẹnu mi ni. Ọkàn mi ò rí bẹ́ẹ̀."

"Kí ọkàn rẹ kọ́ ẹnu rẹ."

Ó pààrọ̀ páńpù. Ọkọ̀ ṣì ń wúkọ́. Ó ní tí kì í bá ṣe páńpù, á jẹ́ pé pílọ́ọ̀gì ni. Ó tú pílọ́ọ̀gì, ó wò wọ́n, wọ́n mọ́ ju eyín rẹ̀ lọ, ó tún dá wọn padà. Ọjọ́ ń lọ, Sátidé ń bọ̀. Ìyàwó mi kì í wọ inú ilé mọ́ bí kò ṣe láti sùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jókòó sí láti òwúrọ̀, tó ń fetí sí ẹ́ńjìnnì bí ẹni fetí sí àyà ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ìgbàkígbà tó bá kú, á mí kanlẹ̀. Èmi náà ò lè lọ síbì kan. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ gun òkè náà, mo lè dé ọ̀nà ọ̀dà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á máa tẹ̀ lé mi lẹ́yìn títí eruku á fi bò mí. Mo máa ń yí padà.

Mo sọ fún mẹkáníìkì pé, "Nígbà tí èmi wà ní ọ̀dọ́, a máa ń tú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé wò. Gbìyànjú ibẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìyẹn ọkọ̀ ayé àtijọ́."

"Kí ni èyí? Àna ni wọ́n ṣe é?"

Ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, ó na ọwọ́ wọ inú rẹ̀ láti mú sípánà kan tó já bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgúnpá rẹ̀ kọ́ wáyà kan, wáyà náà já kúrò lára ọ̀pá rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Kò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì yí padà. Ó dáwọ́ gbígbọ̀n dúró. Ohùn rẹ̀ balẹ̀.

Ìyàwó mi pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, "Kí lẹ ṣe yẹn? Ó ti mí!"

A wo ara wa. Mẹkáníìkì ní, "Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ ṣe nǹkan kan," ni ìyàwó mi wí. "Mo gbọ́ ọ. Ẹ máa wá a."

A wá a, a rí wáyà tó já. Mẹkáníìkì tì í padà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó yọ ọ́, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó tún tì í, ó tún wúkọ́. Mẹkáníìkì fi ọwọ́ lu orí ara rẹ̀. "Kai! Sẹ́ńsọ̀ ni! Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́!" Ó sọ ọ́ bí ẹni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe yé mi. Lẹ́yìn asẹ́ tí ń gba eruku, nǹkan kékeré kan wà lára ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kò ju àtàǹpàkò lọ. Wáyà tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀, ó tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ kọjá lára wáyà yẹn, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń sọ fún ọpọlọ ọkọ̀ pé afẹ́fẹ́ báyìí ló wọlé, kí wọ́n fún un ní epo báyìí. Bó bá purọ́, epo tí wọ́n máa fún ẹ́ńjìnnì kò ní dọ́gba pẹ̀lú èémí rẹ̀, á sì máa wúkọ́. Nígbà tí wáyà já, kò sí ẹni tí yóò purọ́ fún ọpọlọ ọkọ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú díwọ̀n fúnra rẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n agbára ò sí. Èmi nìkan gbé e jáde báyẹn lọ gbìyànjú òkè. Ó gùn ún dé ìdajì, ó sú u, mo rọra fi í sílẹ̀ kó máa yí padà bọ̀.

Ìyàwó mi rí èmi àti ọkọ̀ bí a ṣe padà wọlé. Ó yíjú sí ògiri.

Mẹkáníìkì wá tú sẹ́ńsọ̀ náà, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Nǹkan kan bò ó, ó ń dán, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ìyẹ̀fun. Ó fi ìka kàn án. "Bàbá, epo ni. Wa ya shafa mai a nan? Ta ló pa epo síbí?" Ó yọ asẹ́ náà. Ìwé inú rẹ̀ ti rọ̀, ó rí bí ìwé tí wọ́n fi di àkàrà. Ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí. Èmi náà gbóòórùn rẹ̀. Mo mọ òórùn náà kí ó tó dé imú mi.

Mi ò yíjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Bóyá láti ibi tí a ti rà á ni."

"Èmi ni," ni ìyàwó mi wí.

Mẹkáníìkì ò gbọ́ ọ yé. "Màmá, kí lẹ wí?"

"Mo ní èmi ni. Bàbá gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Mo bi í pé kí nìyí, ó ní imú ọkọ̀ ni, ibẹ̀ ni eruku ń gbà. Mo wò ó, ó gbẹ, ó sì ń là létí. Imú wo ni a kì í fi òrí pa lásìkò ọyẹ́? Mo pa á fún un. Mo pa á dáadáa, tinú tẹ̀yìn."

Mẹkáníìkì yanu. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ó rí ojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó ní, "Màmá, ọkọ̀ ò ń là imú."

"Ta ló sọ fún mi? Ṣé o sọ fún mi?" Ó gbé abọ́ òrí náà, ó gbé e sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì àga rẹ̀, ibi tí kò ti ní máa rí i. Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Ooru ẹ́ńjìnnì ló yọ́ ọ, àbí? Ó yọ́, ó sì wọ inú rẹ̀ lọ. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi."

Ẹni tó ti fi òrí pa imú ọmọ àti ọmọ-ọmọ láti ọdún gbọọrọ, tí kò sí èyí tó kú nínú wọn, kí lèèyàn fẹ́ wí fún un?

Mẹkáníìkì ní kò le, òun á fọ sẹ́ńsọ̀ náà, á dà bí tuntun. Ó bu pẹtiróòlù sínú ìdérí ike, ó mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbo ó. Mo ní, "Rọra." Ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ mi nìyí." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ló dáwọ́ dúró. Ó gbé e sójú. Ó gbé e sún mọ́ ojú sí i. Irun tín-ín-rín yẹn ti já.

"Kí ló dé?" ni ìyàwó mi bèèrè.

Mẹkáníìkì gbé e fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì ni. A ní láti lọ sí Gangare lọ wá òmíràn, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀. Mo ní ojú mi ò gbà á láti fi ìyàwó mi sílẹ̀ lóun nìkan. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Níbo ni mo fẹ́ sá lọ?"

Èmi àti mẹkáníìkì wọ kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀dà. Ní Gangare, àwọn ṣọ́ọ̀bù náà fún mọ́ra, ẹ́ńjìnnì ń rọ̀ lókè bí ẹran ní ilé alápatà. Ẹni tó ń tà á gbé èyí tó jọ tiwa jáde. Mo ní kó gbé e bọ́ sójú ìmọ́lẹ̀. Mo fi tiwa wé e: ihò tí wáyà ń wọ̀ bára mu, bí wọ́n ṣe tẹ̀ bára mu. Mo wo inú rẹ̀, irun náà wà níbẹ̀, ó dúró ṣinṣin. Mẹkáníìkì fẹ́ fi ìka kàn án. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, bí mo ṣe máa ń gbá ọwọ́ àwọn ọmọ mi kúrò nínú ìkòkò ọbẹ̀. A ra asẹ́ tuntun mọ́ ọn.

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ò jìnnà síbẹ̀. Mo ní kí mẹkáníìkì dúró dè mí. Nígbà tí mo wọlé, arúgbó náà jókòó láàárín àwọn ẹrù tí wọ́n ti dì. Ó wo ojú mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ó tún wo ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ nìkan?"

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo la ẹnu dáadáa. "Ọkọ̀ ló bàjẹ́, Ẹ̀gbọ́n. A ń tún un ṣe. Lọ́la, láàárọ̀, màá gbé e wá."

Ó wo ẹnu mi tán, ó mi orí. "Ẹ ti ń lo ọkọ̀ yẹn tipẹ́, kò bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ ló wá bàjẹ́. Má fi ọkọ̀ bo àbúrò mi láṣìírí. Mo gbọ́ iṣẹ́ tó rán sí mi." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. "Sọ fún un pé bó bá ń bínú, kó wá bínú níwájú mi. Kí n rí i."

Mo yọ sẹ́ńsọ̀ náà láti inú àpò mi láti fi hàn án. Ó wò ó, kò mọ ohun tó jẹ́. Èmi náà wò ó, ojú tì mí, mo dá a padà sápò.

Lójú ọ̀nà, mo ń rò ó bóyá kí n jíṣẹ́ náà tàbí kí n má jẹ́ ẹ. Mo jẹ́ ẹ. Ìyàwó mi gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó tọ́. Ẹ lọ ṣe ọkọ̀."

Kò gba àkókò. Mẹkáníìkì ti sẹ́ńsọ̀ náà sínú ihò rẹ̀, ó dè é, mo dúró lé e lórí, mi ò jẹ́ kó fi agbára dè é. Ó fi aṣọ gbígbẹ nu inú ọ̀pá náà títí aṣọ fi jáde láìní àbàwọ́n. Ó ti asẹ́ tuntun bọ̀ ọ́, ó ti wáyà padà, ó ní, "An gama. Ó ti parí." Mo tan án. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn. Mo gbé e lọ sí òkè, ó gùn ún, kò wo ẹ̀yìn. Nígbà tí mo padà dé, mẹkáníìkì ń jó lágbàlá. Ìyàwó mi ní, "Kí ó gùn ún pẹ̀lú mi nínú rẹ̀ ná."

Àárọ̀ Sátidé, eruku pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí géètì láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé ìyàwó mi jókòó sínú ọkọ̀. Ó fi ìdí lé pákó, ó yí ẹsẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú agolo kékeré kan dání, ó fi ṣọ́ọ̀lù bò ó, mi ò bèèrè. A sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. Nígbà tí imú ọkọ̀ gbé sókè, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó pajú dé. Èmi náà ń mí pẹ̀lú ọkọ̀ náà. A dé ìdajì. A kọjá ìdajì. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípadé nígbà tí táyà kan ọ̀dà. Mo ní, "A ti jáde." Ó ní, "Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ máa wà á."

Ọ̀nà tó wọ ilé wọn ní Gangare kò ju ibi tí ọkọ̀ méjì lè fi agbára gbà lọ. Bí a ṣe yà wọ ibẹ̀, ọkọ̀ kan ń bọ̀ níwájú wa, ẹrù lórí rẹ̀, iná rẹ̀ ń tàn nínú eruku. Ó fọn fèrè. Mo mọ ọmọ tó ń wà á: ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Wọ́n ti gbéra. Ìyá náà jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wé gèlè funfun, ó ń wo iwájú gan-an, kò wo ilé.

Ó yẹ kí n padà sẹ́yìn kí wọ́n lè kọjá. Mi ò padà. Mo rọra wọ ẹ̀gbẹ́ wọn títí ọkọ̀ méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ha ara wọn. Ilẹ̀kùn wa ò lè ṣí, ilẹ̀kùn wọn ò lè ṣí. Fèrèsé ló kù. Ọwọ́ òsì ni ìdarí ọkọ̀ wa wà, ọwọ́ òsì ni ti wọn náà. Èmi àti ọmọ rẹ̀ la kọjú síra, àwọn ìyá méjèèjì wà ní òdìkejì, olúkúlùkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyàwó mi wò mí. Mi ò rò ó débẹ̀.

Ọmọ náà ló gbọ́n. Ó fa ara rẹ̀ sẹ́yìn mọ́ ìjókòó títí, ó ní kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi sì na ara rẹ̀, pẹ̀lú ìbàdí yẹn, ó gba iwájú mi kọjá, ó fi àyà lé mi lẹ́sẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe ń payín keke nítorí ìrora. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà na ọwọ́ gba iwájú ọmọ rẹ̀. Wọ́n di ara wọn mú.

Lẹ́yìn wa, fèrè ti ń dún. Ẹnì kan ń pariwo, "Ku matsa mana!" pé kí a yà lọ́nà. Kò sí ibi tí a fẹ́ yà sí. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé lọ. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn ti bàjẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú mi dùn pé a há.

Ìyàwó mi la ẹnu dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n. Mi ò bínú."

Arúgbó náà wo ẹnu rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. "Tún un sọ."

"Mi ò bínú."

"Mo rí i," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ojú rẹ rù."

Ìyàwó mi tú ọwọ́ kan sílẹ̀, ó ṣí agolo tó mú dání. Ó fi ìka mú òrí. "Ọ̀nà jìn, eruku pọ̀. Ẹ gbé imú wá." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọrùn síwájú bí ọmọdé, ó pajú dé, ó jẹ́ kó fi pa ihò imú rẹ̀ méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń fọn fèrè lẹ́yìn wa kọ́kọ́ sún, èmi náà sì padà sẹ́yìn kí ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n lè lọ. Ọkọ̀ wa padà láìwúkọ́ rárá. Wọ́n kọjá, iná ẹ̀yìn wọn wọ inú eruku, a ò rí wọn mọ́.

Ní gbogbo ọ̀nà títí a fi dé Lamingo, ìyàwó mi ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ tí òrí wà sókè, ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìjókòó, kúrò lára ilẹ̀kùn, kúrò lára ohun gbogbo tó jẹ́ ti ọkọ̀. Nígbà tí mo wà á dé iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo ṣí ilẹ̀kùn fún un, ọwọ́ náà ṣì wà lókè bẹ́ẹ̀.